Fọ́tò dúdú àti funfun lójú pópó: fíìmù, RAW, JPEG, kámẹ́rà aláìláwọ̀ àbí fóònù?

Ọkùnrin kan ń sáré kọjá níwájú ògiri funfun. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì nà síwájú bí ẹni pé òjìji náà ló ń fà á lọ. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti lọ. Kò dúró fún wa, kò mọ̀ pé a wà níbẹ̀, kò sì ní padà wá tún un sá. Bí a bá rí i yà, kò sí ohun tí àwọ̀ fẹ́ fi kún un: ògiri, ènìyàn àti òjìji ti tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ya fọ́tò ojú pópó ṣì fi ń sọ ọ́ di dúdú àti funfun.

Ọ̀nà márùn-ún ló wà lónìí tí a lè gbà ṣe é: fíìmù; RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kó gbogbo ohun tó rí sí láìtíì ṣe é; JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti ṣe parí; kámẹ́rà tí kò mọ àwọ̀ rárá; àti fóònù. Mo ti fi mẹ́rin ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì yá ìkarùn-ún lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi máa ń fẹ́ mọ èyí tí àwòrán rẹ̀ lẹ́wà jù. Lójú tèmi, ẹwà kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìgbà tí ẹ máa pinnu irú eérú (àwọ̀ tó wà láàárín dúdú àti funfun) tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dà: ṣé kí ẹ tó jáde nílé ni, ṣé nígbà tí ọwọ́ yín bá wà lórí kámẹ́rà ni, àbí nígbà tí ẹ bá ti padà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà?

Òṣùwọ̀n tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ìyára ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń rìn ń fẹ́ kí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà, ṣí kó sì padé láàárín 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹni tó ń sáré ń fẹ́ 1/500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kámẹ́rà tó bá ṣì ń wá ibi tí yóò tẹjú mọ́ nígbà tí ẹni náà ti kọjá kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ìdákẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe kí a lè jí ènìyàn yà. Ohun tí a fẹ́ ni kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà bó ṣe wà, nítorí gbàrà tí ojú bá ti kó kámẹ́rà, ọrùn á le, ẹ̀rín á yọ, ọ̀rọ̀ sì ti yí padà. Bí ẹnì kan bá wá bá yín lẹ́yìn náà tó ní òun kò fẹ́, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Òfin kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, a lè ya ènìyàn ní ìgboro láì gba àṣẹ. Ní Jámánì, òfin kan tó ti wà láti 1907 ní kí a gba ìyọ̀ǹda ẹni tó wà nínú àwòrán kí a tó gbé e jáde fún aráyé, yàtọ̀ sí àwọn àyè kan bí ìgbà tí ẹni náà kàn ṣèèṣì bọ́ sínú àwòrán ibì kan. Mo mú èyí wọ inú òṣùwọ̀n nítorí ó kan irinṣẹ́: fọ́tò orí káàdì, ẹ lè fi hàn án kí ẹ sì pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ti fíìmù, kò sí ohun tí ẹ lè fi hàn án.

Owó ní ọ̀nà méjì, owó tí a fi ra kámẹ́rà àti owó tó ń lọ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé èkejì. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́kẹ̀lé: ṣé àwòrán náà á wà níbẹ̀ nígbà tí a bá délé?

Èyí tó kù ni àṣẹ lórí eérú, òun ni mo sì máa dúró lé lórí jù. Bí a bá gba àwọ̀ kúrò lára àwòrán, kí ni pupa ń dà? Kí ni àwọ̀ ewé ń dà? Ìṣirò kan wà láti ayé tẹlifíṣọ̀n tí ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà ṣì ń lò: ó fún pupa ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, ó fún àwọ̀ ewé ní 59, búlúù sì gba 11. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pupa tó tàn dé góńgó àti àwọ̀ ewé tí agbára rẹ̀ kò ju ìdajì lọ yóò bọ́ sórí eérú kan náà. Obìnrin tó wọ aṣọ pupa níwájú igi eléwé, tí ojú wa rí láti òkèèrè, á wọ inú ewé lọ pátápátá. Àwòrán náà kò burú, ìṣirò ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá lè sọ fún pupa pé kó mọ́lẹ̀ sí i, kí ewé sì ṣókùnkùn sí i, ti dá obìnrin náà padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ara. Awọ adúláwọ̀ kún fún pupa àti àwọ̀ ọsàn. Bí a bá gbé àwọ̀ méjèèjì yìí sókè nínú ìyípadà, ojú á tàn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ìlà iwájú orí á hàn. Bí ó bá jẹ́ búlúù ni a gbé sókè, ojú kan náà á di òkúta dúdú. Mo ti rí àwòrán rere tó bàjẹ́ báyìí ju èyí tí mo lè kà lọ, nígbà tí ẹni tó yà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ni kò tó.

Fíìmù

Fíìmù dúdú àti funfun tó ń jẹ́ Tri-X ti wà fún kámẹ́rà 35mm láti 1954, èyí tó ń jẹ́ HP5 Plus láti 1989, a sì ṣì ń rí àwọn méjèèjì rà. Ohun tí fíìmù fi borí ni bó ṣe ń fara da ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù. Níbi tí kámẹ́rà ayé òde òní á ti sọ ògiri funfun di òfo, fíìmù á ṣì di ìlà bíríkì mú. Nítorí náà, òjìji ni a ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún, a kì í bẹ̀rù ibi tó mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú, a lè lo fíìmù ISO 400 (ISO ni òṣùwọ̀n bó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) bí ẹni pé 1600 ni, kí a fi kún àkókò tí a fi ń fọ̀ ọ́. Òjìji á le sí i, hóró rẹ̀, àwọn àmì wóróbo tó ń hàn lójú àwòrán, á tóbi sí i, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ lórí eérú wà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó yà ni. Gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè tí a fi bo lẹ́ǹsì ń mú kí sánmà ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì ń jẹ nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀. Gíláàsì pupa ń sọ sánmà ọ̀sán di bí àṣálẹ́, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ péré ló ń jẹ́ kó wọlé. Ní òpópónà tí ilé gíga ti bo oòrùn, gíláàsì pupa ti kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Owó rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Àwòrán 36 ni róòlù kan, lẹ́yìn rẹ̀ ni owó ìfọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni owó sísọ ọ́ di fáìlì. Ojú pópó sì ń jẹ fíìmù. Nígbà tí Garry Winogrand, àgbà ayàwòrán ojú pópó ní Amẹ́ríkà, kú ní 1984, nǹkan bí 2,500 róòlù ló fi sílẹ̀ láìfọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fíìmù kó kọ́ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò le: HP5 Plus nínú ID-11, omi tí a fi ń fọ fíìmù, tí a kò bu omi là, ní 20°C, ìṣẹ́jú méje àbọ̀ ni, lẹ́yìn náà omi ìdádúró, omi tó ń mú kó dúró pẹ́, àti omi lásán. Ohun tó ń fẹ́ ni aago, ohun ìwọ̀n ooru àti sùúrù.

Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé, kámẹ́rà onírin tí kò lo bátìrì lè dàgbà jù wá lọ. Ọwọ́ ẹni ni ewu rẹ̀ wà. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo fi odidi ọ̀sán kan ya àwòrán, ẹnu fíìmù kò kọ́ mọ́ ọ̀pá tó ń ká a. Róòlù náà kò yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ṣì ń rántí ojú ìyá àgbà kan tí mo rò pé mo yà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fa fíìmù síwájú, mo máa ń wo kọ́kọ́ tí a fi ń dá a padà lápá òsì bóyá ó ń yí. Bí kò bá yí, kò sí fọ́tò.

RAW aláwọ̀ tí a yí padà nílé

Kámẹ́rà máa ń kó gbogbo àwọ̀ wọlé, ẹ sì máa pinnu lẹ́yìn. Ní ti àṣẹ lórí eérú, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Pupa, ọsàn, ìyeyè, ewé, búlúù, ẹ lè gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sílẹ̀. Obìnrin tó wọ inú ewé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ẹ lè fà á jáde ní ọ̀nà mẹ́wàá. Fáìlì RAW 14-bit ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, JPEG ní 256. Ìdí nìyí tí a fi ń rí nǹkan fà jáde nínú òjìji RAW láìjẹ́ pé ó ya ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn.

Owó rẹ̀ dẹ̀rọ̀, nítorí kámẹ́rà àlòkù tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá ṣì ń ya RAW tó dára gan-an, ètò darktable àti RawTherapee sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ san owó ní Lightroom tàbí Capture One.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Èkíní, ẹni tó bá ti búlúù sílẹ̀ jù láti fi sọ sánmà di dúdú, hóró ẹlẹ́gbin á yọ lójú sánmà, ìlà funfun á sì yí orí ilé ká. Ọwọ́ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi ṣe é. Èkejì ló ń dùn mí jù: ojú á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo ayé ní aláwọ̀ nínú kámẹ́rà, aṣọ pupa lẹ máa lé, ẹ ó sì délé rí i pé pupa náà nìkan ló wà nínú àwòrán. Òjìji tó dára, tó wà ní ìsọdá títì lákòókò kan náà, ẹ kò rí i.

JPEG tí kámẹ́rà ti sọ di dúdú àti funfun fúnra rẹ̀

Àléébù kejì yẹn gan-an ni èyí wò sàn. Nínú kámẹ́rà tí kò ní dígí, tó jẹ́ pé ojú ìwòran oníná ni a fi ń wo nǹkan, ẹ yàn án ní dúdú àti funfun, ojú ìwòran náà á di dúdú àti funfun. Ayé tí ẹ ń wò ti di ìmọ́lẹ̀ àti òjìji kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo fi ṣe é, mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mò ń retí ènìyàn, dípò kí n máa sáré tẹ̀ lé ènìyàn kiri.

Acros, ètò dúdú àti funfun tí Fujifilm gbé jáde pẹ̀lú kámẹ́rà X-Pro2 ní 2016, wà lára àwọn tí ènìyàn fẹ́ràn jù, ó sì ní irú tó ń ṣe bí gíláàsì ìyeyè, pupa tàbí ewé. Kámẹ́rà Ricoh GR náà ní dúdú àti funfun tó le koko. Èmi fẹ́ràn GR fún ìdí mìíràn: ẹ lè sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé mítà méjì ni kó tẹjú mọ́, tí ẹ bá sì tẹ bọ́tìnnì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní wá ojú ẹnikẹ́ni kiri, á yà á lójú ẹsẹ̀. Ó kéré, àpò ṣòkòtò gbà á, ẹni tí ẹ dojú kọ kò sì ní kà á sí nǹkan bàbàrà.

Bí ó bá jẹ́ JPEG nìkan ni ẹ fi pa mọ́, àwọ̀ ti lọ, kò ní padà. Nítorí náà, ẹ yan RAW pẹ̀lú JPEG papọ̀. JPEG á jẹ́ dúdú àti funfun tí ẹ rí, RAW á ṣì ní gbogbo àwọ̀ nínú. Ohun tó ná yín kò ju àyè lórí káàdì lọ. Mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ṣe é lọ́nà mìíràn.

Ṣọ́tà aláìdún tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wọ̀nyí dára lọ́sàn-án. Lábẹ́ iná LED tàbí iná gbọọrọ, ó lè fi ìlà dúdú gba inú àwòrán kọjá, ọkọ̀ tó ń sáré á sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní alẹ́, ẹ padà sí ṣọ́tà onírin.

Kámẹ́rà tí kò mọ àwọ̀ rárá

Nínú kámẹ́rà aláwọ̀, fílítà kéékèèké bo gbogbo ojú kóró tó ń gba ìmọ́lẹ̀: ìdajì jẹ́ àwọ̀ ewé, ìdá mẹ́rin kan pupa, ìdá mẹ́rin kan búlúù. Bryce Bayer ti Kodak ló gba ẹ̀tọ́ ètò yìí ní 1976. Fílítà kọ̀ọ̀kan ń lé ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ dànù, kámẹ́rà á wá máa fojú díwọ̀n ohun tí kò rí. Leica M Monochrom tó jáde ní 2012 yọ gbogbo fílítà náà kúrò. Pentax K-3 Mark III Monochrome ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Ojú kóró kọ̀ọ̀kan ń gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí fífojú díwọ̀n. Ohun tí mo rí ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo fi yá irú rẹ̀ lò ni pé alẹ́ kò dẹ́rù bà mí mọ́, irun àti òwú aṣọ sì mú bí abẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa kí ẹ tó náwó. Nínú RAW aláwọ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá jó ojú kan nínú pupa, ewé tàbí búlúù lè ṣì ní ohun tó kù tí a fi lè tún un ṣe. Nínú kámẹ́rà yìí, ohun tó bá jó ti jó. Ẹ gbọ́dọ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ fún ibi tó funfun jù, ìdàkejì fíìmù gan-an. Kò sì sí pupa tí ẹ máa gbé sókè lẹ́yìn; gíláàsì orí lẹ́ǹsì ni ẹ tún padà sí. Owó rẹ̀ ga púpọ̀ fún irinṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kan péré.

Fóònù

Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Fóònù ti wà lọ́wọ́ yín, ẹnikẹ́ni kò sì ń wò ó mọ́. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fẹ́rẹ̀ẹ́ẹ́ gbogbo ohun tó bá ti kọjá mítà kan tàbí méjì á hàn kedere. Snapseed, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní irinṣẹ́ dúdú àti funfun tó ń ṣe bí gíláàsì aláwọ̀. Fóònù tí wọ́n ń tà ní Japan àti South Korea máa ń dún nígbà tí a bá yà, ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò mọ̀.

Ìjà èmi pẹ̀lú fóònù ni pé ó kórìíra òjìji. Ó máa ń kó àwòrán bíi mélòó kan pọ̀, ó máa ń tan iná sí ibi tó ṣókùnkùn, ó máa ń dán awọ ojú. Òjìji tí a torí rẹ̀ dúró, fóònù á fi ìfẹ́ inú rẹ̀ sọ ọ́ di eérú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ẹ fi ìka kan ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yà. Bí áàpù yín bá ń ya RAW, ẹ lò ó.

Ọkùnrin yẹn, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ẹ jẹ́ ká dá a padà síwájú ògiri. Ògiri funfun máa ń tan ohun ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ jẹ, nítorí ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan jẹ́ eérú àárín; tí a bá gbà fún un, ògiri á di eérú, ọkùnrin náà á di dúdú biribiri. Lórí fíìmù, mo máa fún un ní ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Lórí RAW, mo máa fi kún un díẹ̀, mo ṣì ní àyè láti yanjú ojú rẹ̀ nílé. Pẹ̀lú JPEG, mo rí àṣìṣe náà lójú ìwòran kí n tó tẹ̀, mo sì tún un ṣe. Pẹ̀lú kámẹ́rà aláìláwọ̀, mo máa fi ìṣọ́ra gidi ṣe é kí ògiri má jó. Fóònù á fẹ́ fi ojú rẹ̀ hàn mí tipátipá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú biribiri yẹn gan-an ni mo fẹ́.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò ní kámẹ́rà, kó fi fóònù ṣe é fún oṣù mẹ́ta kó tó ra ohunkóhun. Ẹni tó ní kámẹ́rà aláwọ̀ èyíkéyìí nílé, RAW pẹ̀lú JPEG dúdú àti funfun ni tirẹ̀, òun náà sì ni mo máa fún ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó bá bi mí. Bí kámẹ́rà náà bá jẹ́ onídígí, tí kò lè fi dúdú àti funfun hàn lójú ìwòran, kó lo RAW, kó sì máa wo àwòrán ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Fíìmù wà fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ṣetán láti fọ̀ ọ́ nílé, tí inú rẹ̀ kì í bàjẹ́ bí 34 nínú 36 kò bá dára. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè ní ọ̀la kó má gbé e jáde. Kámẹ́rà aláìláwọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ti ṣe dúdú àti funfun nìkan fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin láì ṣàárò àwọ̀, tó sì ń rìn ní alẹ́. Bí ẹ bá ṣì ń béèrè bóyá ẹ nílò rẹ̀, ẹ kò tíì nílò rẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú tó ní lẹ́ǹsì 28mm lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi bí fíìmù 35mm, ẹ fi ihò lẹ́ǹsì sí f/8, ẹ tẹjú rẹ̀ mọ́ mítà méjì àbọ̀, ẹ fi ṣọ́tà sí 1/500, kí ISO máa yí fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí mítà kan àbọ̀ títí dé mítà mẹ́wàá á hàn kedere. Ẹ wá ògiri tí oòrùn ń tàn sí, kí ẹ dúró tì í.